Ibo Lomi Yóò Gbà Jáde?

Kí n tó sọ bí Alájì Dókítà Sàlàhúdíìnì Àmúdà ṣe já bọ́, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe gòkè, nítorí ẹni tí kò gun nǹkan kan kì í já láti orí rẹ̀. Ọmọ Ìtòkú ni, ní Abẹ́òkúta. Ìyá rẹ̀, Sàfúrátù, fi ogójì ọdún ta àdìrẹ lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wọn, èrè àdìrẹ náà ló sì fi rán an lọ sí ilé-ìwé. Ní ti ipò dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi í léèrè. Ilé-ẹ̀kọ́ kan tí kò ní yàrá ìkàwé, tí kò ní akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n tí ó ní fìlà onígun mẹ́rin lọ́pọ̀lọpọ̀, ló fi dá a lọ́lá.

Ìjọba fi í ṣe ọ̀gá àgbà Àjọ Tó Ń Ṣètò Ohun-Èlò Inú Ilé. Iṣẹ́ àjọ náà kò le. Bí àwọn kọ́lékọ́lé bá kọ́ ilé fún títà, àjọ yìí ni yóò wò ó bóyá ilẹ̀kùn ń tì, bóyá wáyà iná kò ní pa ọmọ ènìyàn, bóyá omi ń yọ. Kí Sàlàhúdíìnì tó dé, bàbá àgbà kan ló ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe iṣẹ́ náà. Bàbá á ṣí ẹ̀rọ omi, á ti ilẹ̀kùn, á fọwọ́ sí ìwé, á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ orúkọ rẹ̀. Ilé kankan kò sì wó.

Sàlàhúdíìnì kì í ṣe ẹni tí a kò ní mọ orúkọ rẹ̀. Oṣù kejì tó dé ipò, wọ́n rán an lọ sí ìlú òtútù kan fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀kọ́ náà kò yé e rárá, ṣùgbọ́n ilé ìwẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi í wọ̀ sí yé e yékéyéké. Ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá funfun kan wà níbẹ̀, irú èyí tí ènìyàn ń dùbúlẹ̀ sí bí ẹja inú agolo. Ẹ̀rọ omi ibẹ̀ kò ní ohun tí à ń lọ́. Bí ènìyàn bá na ọwọ́ síwájú rẹ̀, ẹ̀rọ yóò rí ọwọ́ náà, omi yóò sì tú jáde fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, kò ní ihò kankan tí omi lè gbà lọ, nítorí àwọn onílùú kì í da omi sílẹ̀ bí wọ́n bá ń wẹ̀. Sàlàhúdíìnì na ọwọ́, omi tú. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, omi dá. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi hunjọ. Ibẹ̀ ló ti dá a lójú pé Ọlọ́run ti fi iṣẹ́ rán òun sí gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá.

Nígbà tó padà dé, ó pe ìpàdé. Gbémiga, akọ̀wé àjọ, ló dìde láti kí i káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú sí Gbémiga lára. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí ìkíni.

"Ọ̀gá wa!" ni Gbémiga wí. "Ẹ̀yin tí ẹ bá dìde, tí Àpáta Olúmọ á jókòó! Ẹ̀yin tí ọgbọ́n yín ju ti ẹni tó kọ ìwé ọgbọ́n lọ! Bí ẹ bá sín, àkọsílẹ̀ ni kí á fi ṣe."

Sàlàhúdíìnì sín lóòótọ́, nítorí òtútù ìlú ọ̀hún kò tíì kúrò lára rẹ̀. Gbémiga sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá wá dìde. Ó tún agbádá rẹ̀ ká sí èjìká, ó wo àwọn òṣìṣẹ́ méjìlá tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni pé ẹgbàá méjìlá ni wọ́n.

"Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá," ó ní, "mo ti rí ọjọ́ iwájú, mo sì ti wẹ̀ nínú rẹ̀. Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Kí ló dé tí à ń tẹ̀ ba? Mo ní kí ló dé? Ní ẹ̀yìnkùlé gbogbo ilé wa, ẹ̀rọ omi kan wà tí kò ga ju orúnkún lọ. Bàbá arúgbó á gbé búta, á tẹ̀ ba níwájú rẹ̀. Ìyàwó ilé á tẹ̀ ba. Àáfà pàápàá á tẹ̀ ba. Ìran Líṣàbi tí kò tẹ̀ ba fún ọ̀tá, ẹ̀rọ omi ló wá ń tẹ̀ ba fún! Láti òní lọ, títẹ̀ ba ti dópin nílẹ̀ Ẹ̀gbá!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì tẹ̀ ba láti mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó rántí, ó sì fi ẹsẹ̀ fa ìgbálẹ̀ náà lọ.

Láàárín oṣù méjì, òfin ti jáde. Ẹni tó wà lókè Sàlàhúdíìnì fọwọ́ sí i láìkà á, nítorí ó nípọn. Gbogbo ilé tí a bá kọ́ fún títà gbọ́dọ̀ ní ọpọ́n ìwẹ̀ funfun kan àti ẹ̀rọ omi tó ń ríran. Ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ihò, ìbú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju èyí tí yóò gba ọpọ́n náà lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àyè da omi sílẹ̀. Ẹ̀rọ omi ìta di èèwọ̀. Pèpéle kọnkéré tí àwọn obìnrin ń fọṣọ lé lórí ní ẹ̀yìnkùlé di èèwọ̀. Kànga di èèwọ̀. Ògiri gíga tó yí ẹ̀yìnkùlé ká di èèwọ̀ pẹ̀lú, nítorí ní ìlú òtútù ọ̀hún, òdòdó kéékèèké ni wọ́n fi ṣe ọgbà. Ilé tó bá rú òfin, àjọ yóò fi ọ̀dà pupa kọ "A TI TÌ Í" sí i lára, wọ́n á fi àgádágodo àti èdìdì sí ẹnu géètì rẹ̀. Abala kẹtàdínlógún ni Ọ̀gá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: ẹnikẹ́ni tó bá já èdìdì àjọ, ì báà ṣe ẹrú, ì báà ṣe ọba, kò gbọdọ̀ di ipò ìjọba kankan mú mọ́ títí ayé.

"Ọ̀gá," Gbémiga ní, omi sì lé ròrò sí i lójú, "abala kẹtàdínlógún yìí, bí orin ló rí létí mi."

Ẹ jẹ́ kí a rántí orin náà. A óò tún gbọ́ ọ.

Ní Kọ́bapẹ́, lójú ọ̀nà Ṣàgámù, kọ́lékọ́lé kan tó ń jẹ́ Yasir ń kọ́ ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pe àpapọ̀ wọn ní Ẹ́sítéètì Ìrọ̀rùn. Yasir mọ àwọn tí yóò ra ilé. Ìdílé oníṣòwò Ìtòkú ni wọ́n pọ̀ jù, Mùsùlùmí, àwọn mìíràn sì jẹ́ aláró. Ìdí nìyẹn tí ó fi ya ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kúrò lọ́nà gábàsì, tó lu ihò sí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀, tó ri ẹ̀rọ omi kúkúrú sí ẹ̀yìnkùlé, tó da pèpéle kọnkéré sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú gọ́tà tí omi ń gbà lọ, tó sì mọ ògiri yí i ká kí obìnrin lè ṣí orí nínú ilé ara rẹ̀. Ilé kan ṣoṣo ló ti parí nígbà tí òfin dé. Ó gbé ìwé lọ́wọ́, ó lọ rí Ọ̀gá.

"Alájì, ẹ dákun," ni Yasir wí. "Àwọn tó ń ra ilé lọ́wọ́ mi, omi ni wọ́n ń bèèrè kí wọ́n tó bèèrè òrùlé. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ń ṣe àlùwàlá lójúmọ́. Bí mo bá fún wọn ní ilẹ̀ tí kò níhò, ọjọ́ tí wọ́n bá kó wọlé ni wọ́n á ti gbé òòlù."

"Ìlàjú ni wọ́n á gbé."

"Ẹ̀rọ tó ń ríran yẹn ńkọ́, sà? Iná ló ń lò. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ṣé yóò ṣì máa ríran?"

Gbémiga dìde lórí ìjókòó rẹ̀. "Yasir! Ṣé ohun tí o ń sọ ni pé ẹ̀rọ tí Ọ̀gá yàn, afọ́jú ni?"

Yasir wo akọ̀wé, ó wo ọ̀gá, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ tí wọn kò tíì fọwọ́ sí. "Rárá o," ó ní. "Ó ń ríran dáadáa. Bóyá oorun ló máa ń kùn ún."

Ó padà sí Kọ́bapẹ́, ó sì ṣe bí òfin ti wí. Ó fọ́ pèpéle mẹ́rìnlá. Ó di ihò mẹ́rìnlá. Àwọn bíríkìlà rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn náà ni wọn yóò padà pè láti wá lu ú.

Ilé àkọ́kọ́ nínú mẹ́rìnlá náà, Sàlàhúdíìnì ló kó sínú rẹ̀, kí ayé lè rí àpẹẹrẹ. Ó da koríko oníke bo ẹ̀yìnkùlé, ó sì lọ mú ìyá rẹ̀ ní Ìtòkú. Agbo ilé wọn níbẹ̀, òun ló kọ́kọ́ lọ di kànga rẹ̀ pa, tó fọ́ ojú ìfọṣọ ibẹ̀ níwájú àwọn oníròyìn, tó ní ilé ẹni ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Sàfúrátù dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ tuntun, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó wo ọpọ́n funfun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Sàlà," ó ní, "ọkọ̀ wo rèé?"

"Ìyá, ibi ìwẹ̀ ni. Ẹ ó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀."

"Kí n dùbúlẹ̀ sínú omi tí mo fi fọ ìdí? Ọmọ mi, èmi kì í ṣe ẹ̀fọ́ tí wọ́n rẹ." Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀, ó ń wá nǹkan. "Tí omi bá dà sílẹ̀ ńkọ́? Ibo ni yóò gbà jáde?"

"Kò ní dà sílẹ̀, Ìyá. Òfin ò gbà á láyè."

"Mo gbọ́. Omi ò kàwé, Sàlà. Ibo ni yóò gbà jáde?"

Sàlàhúdíìnì wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ìpàdé.

Iná máa ń lọ ní Kọ́bapẹ́ bí ó ti ń lọ níbi gbogbo. Bí ó bá ti lọ, ẹ̀rọ a fọ́jú. Táńkì omi a wà lókè, kún dẹ́nu, Sàfúrátù a sì wà nísàlẹ̀, a na ọwọ́, kò sí omi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe àlùwàlá bí ẹni tó wà ní aṣálẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó mú búta rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn jáde, ó sì lọ sí ilé kejì sí tiwọn.

Ilé Àlímátù ni, ilé kan ṣoṣo tí Yasir ti parí kí òfin tó dé. Aláró ni Àlímátù, opó ni, òun náà sì ni olórí àwọn obìnrin tó ń wẹ òkú ní mọ́sálásí wọn. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ríran nílé rẹ̀. Ẹ̀rọ kúkúrú kan wà tí à ń fi ọwọ́ lọ́, tí omi rẹ̀ ń yọ láti táńkì láìbéèrè iná, pèpéle sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí aró ti kùn ní búlúù láti ìgun dé ìgun. Ojoojúmọ́ ni Sàfúrátù ń lọ síbẹ̀. Àwọn méjèèjì a jókòó ti ògiri, wọn a máa sọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà tó ti kú.

"Àlímátù," ni ìyá àgbà wí lọ́jọ́ kan, ó ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀, "bí ọjọ́ mi bá pé, orí pèpéle yìí ni kí o ti wẹ̀ mí o. Má jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ mí nínú ọkọ̀ Sàlà."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ẹ ó pẹ́ fún wa."

"Mo ti pẹ́ ná. Ṣe o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ìyá."

Ní oṣù kẹrin tí wọ́n ti ń gbé ẹ́sítéètì náà, Ọ̀gá kéde pé òun yóò wá bẹ ilé wò fúnra òun. Jìnnìjìnnì mú àwọn onílé. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ti lu ihò wọn padà. Ẹ tún mọ̀ pé ọpọ́n ìwẹ̀ dára gan-an fún aṣọ rírẹ, nítorí náà méjìlá nínú ọpọ́n mẹ́tàlá ti bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ìtòkú, aró ti kún wọn, àwọn obìnrin sì ti ń súre fún ìjọba. Ọpọ́n kan ṣoṣo ló kù fún ilé mẹ́tàlá.

Wọ́n gbìmọ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé ọpọ́n náà. Bí Ọ̀gá bá wà ní yàrá ìgbàlejò ilé kìíní, tí Gbémiga ń ki oríkì rẹ̀, ọpọ́n a ti wà ní ilé ìwẹ̀, lórí ihò. Bí Ọ̀gá bá ti wò ó tán, tí wọ́n fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní ìta iwájú, ọpọ́n a gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn jáde, a sì sáré lọ sí ilé kejì. Nígbà tí wọn yóò fi dé ilé kẹsàn-án, àwọn tó ń gbé e ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, etí ọpọ́n sì ti ha níbi tó ti ń gba ojú fèrèsé.

Ọ̀gá tẹjú mọ́ ibi tó ha náà.

"Gbémiga," ó ní, "wo ohun tí òfin lè ṣe. Ní ilé keje mo rí ibi tó ha yìí. Ní ilé kẹjọ mo rí i. Níbí náà rèé! Ìṣọ̀kan! Gbogbo ọpọ́n bára mu títí dé ibi tí wọ́n ti ha!"

"Ọ̀gá, kò sí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú," Gbémiga ní. Ó ti rí àwọn ọkùnrin mẹ́rin náà láti ilé kẹta. Ó kọ èyí náà sílẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ilé Àlímátù, tí kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ń fọ àdìrẹ lórí pèpéle nígbà tí wọ́n wọlé. Ó nu ọwọ́, ó kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ẹ káàbọ̀, Alájì. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú."

"Àlímátù, kí ni mo ń wò yìí? Ẹ̀rọ ìta! Pèpéle! Ògiri! Ìwọ nìkan lo rú gbogbo ìwé òfin ní ojúlé kan!"

"Ilé mi ti wà kí òfin tó dé, Alájì."

"Òfin mi kò ní lánàá. Fọ́ pèpéle yìí."

"Mi ò lè fọ́ ọ." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Orí rẹ̀ la ti wẹ bàbá àwọn ọmọ mi lọ́dún tó kọjá. Èmi ló bu omi. Ibi tí orí rẹ̀ wà nìyẹn. Ẹ fún mi ní nǹkan mìíràn tí mo lè fọ́, màá fọ́ ọ."

Àwọn tó wà níbẹ̀ wo ilẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá ti yí padà níbẹ̀, ìtàn ìbá sì parí. Ṣùgbọ́n Gbémiga wúkọ́, Ọ̀gá sì rántí pé àwọn ènìyàn ń wo òun.

"Kọnkéré ni!" ó ní. "Sìmẹ́ńtì àti yanrìn! Kí ló pọ̀ nínú kọnkéré? Ẹ ti ibí yìí pa. Bí kò bá tíì fọ́ ọ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, ní ọjọ́ Jímọ̀, katapílà á wá fọ́ ọ, a ó sì gba ìwé ilé lọ́wọ́ rẹ̀."

Wọ́n kun géètì ní pupa. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo sí i, wọ́n fi ìwé èdìdì lé e lórí. Àlímátù di ẹrù rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ìtòkú. Sàfúrátù dúró lójú fèrèsé ilé ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú búta lọ́wọ́, ó ń wo ọ̀dà náà bí ó ti ń ṣàn. Ó padà sí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni.

"Sàlà, pèpéle Àlímátù, ẹ má fọ́ ọ o. Mo fẹ́ lò ó."

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Lọ sí ìpàdé rẹ," ó ní.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Sàfúrátù kí ìrun àárọ̀ lórí ẹní rẹ̀, ó fi orí kan ilẹ̀, kò sì gbé e mọ́. Ikú jẹ́jẹ́ ni. Ọmọ rẹ̀ ló bá a níbẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ àlùwàlá ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀. Sàlàhúdíìnì sunkún gidi, mi ò ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kú kò ní agbádá lọ́rùn.

Òkú Mùsùlùmí kì í sùn lóde. Wọ́n ránṣẹ́ sí Àáfà. Àáfà ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọn yóò kí ìrun sí i lára. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin tó ń wẹ òkú; Àlímátù kó wọn wá láti Ìtòkú, obìnrin mẹ́rin, pẹ̀lú pátákó ìwẹ̀, òwú àti aṣọ funfun. Wọ́n kí Sàlàhúdíìnì kú àmúmọ́ra. Wọ́n wọ ilé ìwẹ̀ àpẹẹrẹ náà.

Iná kò sí. Àlímátù na ọwọ́ sí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò rí i.

Wọ́n gbé pátákó; kò gba inú yàrá náà. Wọ́n wo ilẹ̀, kò níhò. Wọ́n wo ọpọ́n.

"A kì í rẹ òkú sínú omi," ni Àlímátù wí. "Omi tó bá kan ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ. Alájì, ibo lomi yóò gbà jáde?"

Sàlàhúdíìnì gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú ohùn obìnrin náà. Ó mú wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Koríko oníke ń dán lóòrùn. Òdòdó tí kò ga ju kókósẹ̀ ló yí i ká. Láti ojú ọ̀nà Ṣàgámù, àwọn ọlọ́kadà ń wo wọn.

"Níbí kẹ̀, Alájì?" ni obìnrin kan wí. "Kí gbogbo ọlọ́kadà wá wo ìhòòhò ìyá yín? Bí a bá tilẹ̀ fi aṣọ ká a, ibo la ó ti bu omi?"

Ó ní kí wọ́n lọ sí ilé àwọn aládùúgbò. Ilé ìwẹ̀ wọn kò fẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Òfin ló wọ̀n wọ́n. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí agbo ilé ní Ìtòkú. Kò parí gbólóhùn náà. Òun ló di kànga, òun ló fọ́ ojú ìfọṣọ, fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú òòlù wà lára ògiri ọ́fíìsì.

"Ó kù ibì kan," Àlímátù ní.

Wọ́n jọ wo géètì pupa.

"Ìyá yín ló ti yàn án," ó ní. "Ó sọ fún mi lórí pèpéle náà. Mo sì ṣèlérí fún un. Ṣùgbọ́n èmi ò ní já èdìdì ìjọba. Opó ni mí, ilé kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹni tó fi èdìdì síbẹ̀ ni kí ó já a."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ìró kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó ń mi ilẹ̀. Katapílà ni. Gbémiga ló ṣíwájú rẹ̀ nínú ọkọ̀ àjọ, pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá, nítorí ọjọ́ Jímọ̀ ti pé.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Ọ̀gá! Ìyá rere lọ! Ìyá tó bí Olúmọ! Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere!"

"Àmín. Gbémiga, fún mi ní kọ́kọ́rọ́ géètì yẹn."

Gbémiga dìde, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún. "Ọ̀gá mi, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Ṣùgbọ́n fún fífọ́ ni; kì í ṣe fún ìwẹ̀. Bí a bá fẹ́ ṣí ilé fún ohun mìíràn, abala kejìdínlógún ní kí ọmọ ìgbìmọ̀ márùn-ún jókòó, kí wọ́n fún ìlú ní ọjọ́ mọ́kànlélógún."

"Ọjọ́ mọ́kànlélógún! Gbémiga, ìyá mi ló wà nílẹ̀ yìí!"

"Ìyẹn ló dùn mí jù, Ọ̀gá. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ dáadáa débi pé kò sí ibi tí ènìyàn lè gbà bọ́." Ó tún tẹ orí ba. "Òfin tí kò ní ihò ni."

Awakọ̀ katapílà, ọkùnrin ará Alábàtà kan tí irun rẹ̀ ti funfun, fetí sí wọn títí. Ó nawọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fa òòlù ńlá kan yọ lábẹ́ ìjókòó rẹ̀, ó gbé e síwájú Sàlàhúdíìnì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ bá mi wò ó. Abala kẹtàdínlógún wà lórí rẹ̀ lódidi, ó mọ ọ́n lórí bí ẹni mọ fátíhà. Lápá kan, ipò, ọkọ̀, oríkì tí Gbémiga ń kì. Lápá kejì, arúgbó kan lórí ẹní. Ó bọ́ agbádá, ó gbé òòlù. Ìgbà kìíní kò ba nǹkan kan. Ìgbà kejì, ẹ̀wọ̀n dún. Ìgbà kẹta, àgádágodo fò, ìwé èdìdì sì ya sí méjì. Gbémiga ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ojú rẹ̀ rọ fún ìbànújẹ́ bí ó ti ń yà á.

Àwọn obìnrin gbé Sàfúrátù wọlé. Wọ́n so àdìrẹ yí pèpéle ká, nítorí katapílà ti wà lẹ́bàá ògiri, ó sì ga ju ògiri lọ. Ọmọ òkú kò gbọdọ̀ wo ibi tí wọ́n ti ń wẹ ìyá rẹ̀. Sàlàhúdíìnì kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó di ìgun aṣọ náà mú kí atẹ́gùn má baà ṣí i. Ó gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n lọ́. Ó gbọ́ omi tí wọ́n dà, ní ọ̀tún lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní òsì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ omi náà jáde lábẹ́ aṣọ, ó gba inú gọ́tà, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba búlúù aró àtijọ́, ó sì gba ihò ògiri lọ sí ìdí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ibẹ̀ ló ń gbà jáde. Ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́ tí yóò fi sọ fún un.

Lọ́jọ́ Ajé, fọ́tò mẹ́ta wà lórí tábìlì ẹni tó wà lókè. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ka abala kẹtàdínlógún sí Sàlàhúdíìnì létí. Gbémiga ló kà á, ohùn rẹ̀ sì dùn bí orin, bí ó ti sọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi Gbémiga sí ipò náà ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán. Dókítà egungun kan ní òun kò rí irú ìwòsàn bẹ́ẹ̀ rí.

Àṣẹ àkọ́kọ́ tó pa ni pé láti òní lọ, gbogbo ilé tí a bá kọ́ fún títà gbọ́dọ̀ ní pèpéle ìwẹ̀ òkú, títí kan àwọn tó wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Yasir ka ìwé náà ní Kọ́bapẹ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó pe àwọn bíríkìlà rẹ̀, wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Nítorí àṣẹ náà, Àlímátù padà sílé rẹ̀. Pèpéle rẹ̀ ti bófin mu. Ó fi kẹrosíìnì fọ ọ̀dà pupa kúrò lára géètì, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ ìyá àgbà, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe fìdáù tán, Àlímátù ń sá aṣọ nígbà tí ẹnìkan sálámà lẹ́nu géètì. Sàlàhúdíìnì ni, nínú bùbá lásán. Ó mú búta ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ wọlé, Alájì."

"Wọ́n ti mú iná lọ," ó ní. "Àsíkò ìrun ti tó."

Ó rìn dé ibi ẹ̀rọ. Ó dúró síwájú rẹ̀ pẹ́ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nà síta, bí ẹni tó ń retí kí nǹkan rí òun. Àlímátù so aṣọ tó kù mọ́ okùn, ó sì bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ tẹ̀ ba, Alájì," ó ní. "Ìsàlẹ̀ ló wà."

Ó sì tẹ̀ ba.